Ẹ̀ṣẹ̀, èèwọ̀ àbí ọ̀ràn? Ìjọ Ọlọ́run àti ọ̀rọ̀ akọ-sí-akọ

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀, èèwọ̀ àti ọ̀ràn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà láàrin ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Èèwọ̀ wà láàrin ènìyàn àti ilé tí wọ́n ti bí i. Ọ̀ràn ni èyí tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe ìlara aládùúgbò rẹ̀ ń dẹ́ṣẹ̀, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí yóò pè é. Ẹni tó jẹ ẹran tí ìdílé rẹ̀ kì í jẹ ti jẹ èèwọ̀, àmọ́ pásítọ̀ ò ní wàásù lé e lórí. Kó wá kan ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ọ̀kan lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ní “ẹ má lù ú” á di ẹni tó ń ti ìgbéyàwó akọ-sí-akọ lẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n tú u palẹ̀: kí ni ìjọ kọ̀ọ̀kan sọ gan-an, inú ìwé wo ló wà, kí ló gbà láàyè, kí ni kò gbà, kí ni òfin Nàìjíríà fi lé e, kí ló sì yẹ kí àwọn tó ń jókòó nínú vestry, yàrá àlùfáà nínú ilé ìjọsìn, mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ẹni tó bá ń wá ìwàásù, kó dúró de ọjọ́ Àìkú.

Àgbádárìgì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i, torí ẹnu ọ̀nà ni. Thomas Birch Freeman, àlùfáà Wesleyan (Mẹ́tọ́díìsì), gúnlẹ̀ síbí ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, dé ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ìdí igi Àgíà ni wọ́n sì ń tọ́ka sí títí dòní pé ìwàásù àkọ́kọ́ ti wáyé. Thomas Jefferson Bowen, Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gba ebúté yìí kan náà wọlé ní 1850. Àwọn fadá Kátólíìkì gba ilẹ̀ sí Tòpó ní 1876. Ìjọ mẹ́rin, ebúté kan. Lónìí, tí ìyá ìjọ kan ní Ajárá bá gbọ́ lórí WhatsApp pé “ìjọ wa ti gba akọ-sí-akọ láàyè ní òkè òkun”, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ni pé: ìjọ wa wo? Torí ilé tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá ti gba ọ̀nà tó yàtọ̀ síra, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín kò sì bá wọn lọ.

Áńgílíkà ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ètò rẹ̀ ló sì fà á. Áńgílíkà kò ní Póòpù. Ìjọ tó lé ní 40 ni káàkiri ayé, kálukú ní òfin tirẹ̀ àti Primate, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀. Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury kàn jẹ́ àgbà láàrin wọn ni, kò lè pàṣẹ fún Àbújá. Nítorí náà, ohun tí Áńgílíkà Amẹ́ríkà bá gbà lánàá kò di òfin ní Àgbádárìgì lónìí. Ìwé tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí ni Ìpinnu 1.10 tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní Lambeth, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé, ní 1998. Bíṣọ́ọ̀bù 526 dìbò fún un, 70 kọ̀ ọ́, 45 ò dá sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìdajì rẹ̀: pé ìgbéyàwó jẹ́ ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan títí ọjọ́ ayé, pé ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ kò bá Ìwé Mímọ́ mu, pé àwọn ò lè gba kí ìjọ máa súre fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kó fi ẹni tó wà nínú rẹ̀ joyè àlùfáà. Ìdajì kejì wà nínú ìwé kan náà, òun la kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ: pé ẹni tó bá ti ṣe ìrìbọmi, tó gbàgbọ́, tó sì ń ṣe olóòótọ́, ibi yòówù kí ọkàn rẹ̀ máa fà sí, ẹ̀yà ara Kristi ni, pé kí ìjọ tẹ́tí sí ohun tí irú wọn ń là kọjá, pé kí ó dẹ́bi fún ìbẹ̀rù òdì tí àwọn ènìyàn ń ní sí wọn. Ẹni tó bá ka ìdajì tó fi ìdajì sílẹ̀ kò tíì ka Lambeth.

Rúkèrúdò ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 2003 nígbà tí ìjọ Episcopal ní Amẹ́ríkà fi Gene Robinson, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin gbé ní gbangba, jẹ bíṣọ́ọ̀bù New Hampshire. Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ Primate Nàìjíríà nígbà náà, wà níwájú àwọn tó yarí. Ní 2005 ìjọ Nàìjíríà tún òfin ara rẹ̀ kọ. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àjọṣe pẹ̀lú Canterbury ló so àwọn mọ́ Áńgílíkà yòókù, wọ́n yọ Canterbury kúrò, wọ́n ní àwọn tó bá di ìgbàgbọ́ àtayébáyé mú ni àwọn bá ṣe. Ní 2008 àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ronú bẹ́ẹ̀ kóra jọ ní Jerúsálẹ́mù, àjọ wọn tó ń jẹ́ GAFCON sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n sọ pé “Áńgílíkà ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń so ọkùnrin méjì pọ̀”. Irọ́ ni. Ní Oṣù Kejì 2023 sínọ́ọ̀dù wọn gbà kí àdúrà wà fún irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀. Ìbò ilé bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 36 sí 4, ti ilé àlùfáà 111 sí 85, ti ilé ọmọ ìjọ 103 sí 92. Láàrin àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ, díẹ̀ ló kù kó dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ ẹ. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àdúrà nínú ìsìn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, níwájú gbogbo ìjọ, fún àwọn méjì tí ìjọba lè ti so pọ̀ ní kóòtù. Vicar, ìyẹn àlùfáà ìjọ, tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè kọ̀. Òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti 2013, èyí tó gba akọ-sí-akọ láàyè ní kóòtù, òun gan-an ló sọ pé kò bófin mu kí àlùfáà ìjọ Áńgílíkà so wọ́n pọ̀ ní ìlànà ìjọ. (2013 kan náà ni àwọn aṣòfin tiwa parí tiwọn, èyí tó dojú kọ òdìkejì. Ọdún àrà gidi.)

Ti Kátólíìkì rọrùn láti mọ̀, torí ìwé kan ni gbogbo ayé ń lò. Ẹ ṣí Katekísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn, ẹ lọ sí ìpínrọ̀ 2357 títí dé 2359. Èkíní sọ pé ìbálòpọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tọ̀nà, kò sì sí bí ó ṣe lè tọ̀nà. Èkejì sọ pé àwọn ènìyàn náà, kí a gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìyọ́nú àti ìfarabalẹ̀, kí a má sì ṣe ojúsàájú àìtọ́ kankan sí wọn. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n máa gbé ìgbé ayé ìkóra-ẹni-níjàánu. Póòpù kankan ò tíì yí ìyẹn padà. Ohun tó dé ní ọjọ́ 18 Oṣù Kejìlá 2023 ni ìwé Fiducia Supplicans, tí Póòpù Francis fọwọ́ sí. Ó ní fadá lè súre fún àwọn méjì tó bá wá bẹ̀bẹ̀ fún ìbùkún, àmọ́ kò gbọdọ̀ sí ìlànà ìsìn tí a kọ sílẹ̀ fún un, kò gbọdọ̀ bọ́ sí àkókò tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó kóòtù, kò gbọdọ̀ sí aṣọ tàbí ìṣesí tó jọ ti ìgbéyàwó. Nígbà tí ariwo pọ̀, Róòmù tún ṣàlàyé ní ọjọ́ 4 Oṣù Kìíní 2024 pé ohun tí àwọn ń sọ kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lọ. Àsìkò tí ènìyàn fi ń gbé omi mu nìyẹn! Síbẹ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Nàìjíríà ti sọ kí ọdún tó parí pé kò sí àyè fún ìbùkún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, Kádínà Fridolin Ambongo sì buwọ́ lu ìwé ní orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo Áfíríkà ní ọjọ́ 11 Oṣù Kìíní pé irú ìbùkún bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé ní ìjọ wọn. Nítorí náà, kò sí fadá kan láti Tòpó dé Ṣẹ̀mẹ̀ tó lè ṣe é kó ní Póòpù ló rán òun.

Mẹ́tọ́díìsì ni orúkọ ti ń da ènìyàn láàmú jù, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ìjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìròyìn ń pè ní “Methodist”. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó rán Freeman wá, dìbò 254 sí 46 ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà 2021 pé àlùfáà tó bá fẹ́ lè so akọ-sí-akọ pọ̀. United Methodist ti Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ láti 1972 pé ìwà náà kò bá ẹ̀kọ́ Kristẹni mu. Wọ́n fún òfin náà ní eyín sí i ní 2019 pẹ̀lú ìbò 438 sí 384. Ìjọ bíi 7,600 já kúrò. Àwọn tó kù wá pa òfin náà rẹ́ níbi ìpàdé wọn ní Charlotte, Amẹ́ríkà, ní 2024. Ẹ̀kẹta ni Methodist Church Nigeria, èyí tí àwọn Yorùbá mọ̀, tó ti gba òmìnira kúrò lọ́wọ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti 1962. Ìbò tí wọ́n dì ní 2021 àti 2024 kò kàn án rárá. United Methodist wà ní Nàìjíríà lóòótọ́, àmọ́ apá Tàràbà ló ti rinlẹ̀, ìpínyà tó tẹ̀lé 2024 sì di ìjà níbẹ̀, ó gbẹ̀mí ènìyàn ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Ẹni tó bá wá rí àkọlé “Methodist” tó lọ ń fi ìbínú dá ìdáwó dúró ní ìjọ àdúgbò rẹ̀ ti na ọmọ ọlọ́mọ.

Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ṣe ìpinnu. Ohun tí àpapọ̀ wọn lè ṣe ni kí wọ́n yọ ìjọ kan lẹ́gbẹ́. Southern Baptist tó rán Bowen wá ṣì dúró lórí pé kò tọ́, títí dé pé ní Oṣù Kẹfà 2025 wọ́n pè fún ìfagilé ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà dá ní 2015 lórí ìgbéyàwó akọ-sí-akọ. Níbi yìí, bàbá àti ọmọ ṣì ń sọ ohùn kan.

Àwọn Aládùúrà àti ọ̀pọ̀ Pẹ́ńtíkọ́sì kò ní ilé ní òkè òkun tí ìròyìn máa ti jáde, kódà àwọn ló ń dá ẹ̀ka sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀: ìjọ kan náà ní Peckham, London, àti ní Àgbádárìgì, abẹ́ òfin méjì tó takora.

Ní ti Bíbélì, ẹsẹ tí àríyànjiyàn dá lé kò pọ̀: Jẹ́nẹ́sísì 19, Léfítíkù 18:22 àti 20:13, Róòmù 1:26 sí 27, 1 Kọ́ríńtì 6:9, 1 Tímótì 1:10, àti Júúdà 7. Àwọn tó ní òfin náà dúró ń sọ pé láti Májẹ̀mú Láéláé dé Tuntun, kò sí ibì kan tí Ìwé ti gbè é, àti pé Jésù fúnra rẹ̀ padà sí Jẹ́nẹ́sísì, akọ àti abo, nígbà tí wọ́n bi í nípa ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn tó kà á lọ́nà mìíràn ń sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sódómù jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ sí àlejò, pé Ìsíkíẹ́lì 16:49 ka ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù sí ìgbéraga, àjẹyó àti àìran tálákà lọ́wọ́, àti pé ẹrú àti ọmọdé tí àwọn olówó Róòmù ń lò ni Pọ́ọ̀lù ń wò. Ìdáhùn àwọn ti ìṣáájú sí ìyẹn ni pé Róòmù 1 sọ̀rọ̀ àwọn méjì tí ọkàn wọn ń fà síra, kò dárúkọ ẹrú. Èmi rò pé ẹsẹ yẹn ló le jù fún àwọn tó fẹ́ yí ẹ̀kọ́ padà, Ìsíkíẹ́lì ló sì le jù fún àwa tó ń jẹ àjẹyó.

Àmọ́ ohun kan wà tó kan àwa tó ń ka Bíbélì Mímọ́ ní Yorùbá. Nínú 1 Kọ́ríńtì 6:9, ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló wà níbẹ̀: malakoi àti arsenokoitai. Ìkíní túmọ̀ sí ohun tó rọ̀; òun náà ni Mátíù 11:8 lò fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ ní ààfin. Ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a kò rí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ṣáájú Pọ́ọ̀lù: arsen, ọkùnrin, koite, ibùsùn, ó sì jọ pé inú Léfítíkù 20:13 lédè Gíríìkì ló ti yọ ọ́. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kọ ìkíní ní “aláìlera”, ó kọ ìkejì ní àwọn tí ń fi ọkùnrin ba ara wọn jẹ́. Ẹ wo aláìlera yẹn. Ẹni tó ń kà á láìmọ Gíríìkì á rò pé aláìsàn ni kò ní jogún ìjọba Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ oníwàásù sì ń yára fò ó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ta kókó síbẹ̀: Bíbélì RSV ti 1946 pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ sí “homosexuals”, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní 1971. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù lórí ẹsẹ yẹn, kó kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì péré nínú rẹ̀ ló le tó báyìí, kó tó gbé ohùn sókè.

Ó kan ọ̀ràn wàyí. Òfin tó wà nílẹ̀ jẹ́ méjì. Ti àkọ́kọ́ ni Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn, abala 214, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́ fún wa. Ó kárí Nàìjíríà ní 1916, àmọ́ apá gúúsù nìkan ló kù tó ń lò ó. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ tí mo bá gbọ́ pé “ìwà òyìnbó ni”, torí òfin tó ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n náà, ọkọ̀ òyìnbó ló gbé e wá. Ìkejì ni òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 7 Oṣù Kìíní 2014. Ọdún 14 fún ẹni tó bá wọ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 fún ẹni tó bá so wọ́n pọ̀, tó ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí tó ràn án lọ́wọ́. Ó dárúkọ ilé ìsìn pé a kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀. Ọdún 10 fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó ń ṣe é tàbí tó ń tì í lẹ́yìn, àti fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ohun tí òfin yìí kò sọ náà ṣe pàtàkì: kò sí ibì kan tó ti pàṣẹ fún àlùfáà pé kó lọ fi ẹni tó wá sọ inú rẹ̀ fún un sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn olórí ìjọ fúnra wọn ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Michael Ramsey, Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, ka ìwà náà sí ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ó gbè é lẹ́yìn nílé aṣòfin pé kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní 1967. Níbí, Ignatius Kaigama tó jẹ́ ààrẹ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì nígbà náà kọ̀wé gbóríyìn fún Jonathan ní Oṣù Kìíní 2014. Ní ìparí oṣù yẹn kan náà, Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury àti ti York kọ̀wé sí ààrẹ Nàìjíríà àti ti Uganda, wọ́n rán wọn létí pé àwọn Primate Áńgílíkà ti fẹnu kò ní 2005 pé ìnira kankan fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìríra ni lójú àwọn. Póòpù Francis ní tirẹ̀ sọ ní Oṣù Kìíní 2023 pé kí ènìyàn jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn, ó sì sọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìwà náà. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tí mo ń wí.

Àwa tó wà létí ibodè ló yẹ kó tètè yé. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ibi tí ìjọ Séle ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ìrìn ọkọ̀ kékeré ni láti Àgbádárìgì. Orílẹ̀-èdè Benin kò ní òfin tó ń rán àgbàlagbà méjì lọ sẹ́wọ̀n nítorí èyí. Onígbàgbọ́ tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ìhà méjèèjì Ṣẹ̀mẹ̀. Ògù (Ègùn) tó kà á sí èèwọ̀ kà á sí èèwọ̀ ní ìhà méjèèjì. Ọ̀ràn nìkan ló ń dúró ní ibodè. Kódà ní Èkó, òfin yìí kò rọrùn láti fi múlẹ̀: ní 2018 ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n gbé 47 lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní Oṣù Kẹwàá 2020 torí àwọn olùpẹ̀jọ́ kò ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ọdún méjì ni àwọn tí wọ́n dárúkọ wọn fi gbé ìtìjú yẹn kiri.

Ó wá ku vestry. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ní òun fẹ́ rí Bàbá Ìjọ. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí yín láìgbọ́ yín. Ẹ má pe ìyá rẹ̀, ẹ má pe olórí akọrin. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣáájú ẹsẹ Bíbélì: ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ẹnì kan fi ipá mú un? Ṣé ẹnì kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀?

Tí kò bá tíì pé ọdún 18 tí àgbàlagbà sì ń bá a ṣe é, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní akọ-sí-akọ. Ìbàjẹ́ ọmọdé ni lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó, 2007, ìbá à jẹ́ ọmọkùnrin ìbá à jẹ́ ọmọbìnrin. Èyí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó jẹ́ èèwọ̀, ó jẹ́ ọ̀ràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, DSVA, ni kẹ́ ẹ mú un lọ. Ibi tí ìjọ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á parí rẹ̀ nínú ilé, wọ́n á ní kí ọmọ dárí ji bùọ̀dá, bùọ̀dá á sì kọjá sí ìjọ kejì, sọ́dọ̀ ọmọ mìíràn.

Tí ó bá jẹ́ ti owó, “kito” ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pè é sí yàrá, àwọn mẹ́ta mìíràn á yọjú, wọ́n á gba fóònù, gba káàdì ATM pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á ya fídíò, wọ́n á wá máa béèrè owó lóṣooṣù. Ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ wọn máa lọ ni pé ẹni tí wọ́n ṣe kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìfi ara rẹ̀ hàn. Kó má san owó kejì, torí owó kan ló ń bí òmíràn. Kó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kó má pa á rẹ́. Agbẹjọ́rò ni kó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń fi ìhàlẹ̀ gba owó ń dá ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ẹ sọ ohun tí ìjọ yín gbà, ní tààrà, láìsí ìpayà. Tí ìlànà ìjọ bá ní kó dúró ná níbi ara Olúwa tàbí kó sọ̀kalẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, òun nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún. Àṣìṣe tó burú jù ni ìkéde láti orí pẹpẹ. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ti gbé ìbáwí ìjọ jáde sí ìgboro, àwọn tó ń dúró lẹ́bàá gáréèjì kò sì ní bi í bóyá ó ti ronú pìwà dà.

Ìdáǹdè wá ńkọ́? Àdúrà kò pa ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje, pàṣán àti ṣéènì ló ń pa ènìyàn: láìsí omi, kíndìnrín lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí wọ́n ń nà á sọ ohunkóhun kí ọrẹ́ lè dúró. Á pariwo pé ó ti jáde, wọ́n á ní ẹ yin Olúwa, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà á padà sí ibi tó wà, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò tún ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Exodus International, ẹgbẹ́ Kristẹni tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń ṣèlérí pé àwọn lè yí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976. Ní 2013 olórí wọn tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ìfẹ́ akọ-sí-akọ kúrò nínú ìwé àìsàn láti 1990, ẹ má sì fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wèrè.

Èyí tó tún sábà ń ṣẹlẹ̀, tí mo sì kà sí ìkà, ni kí wọ́n fún un níyàwó. Ìjọ á ṣe ìkéde ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, wọ́n á béèrè àyẹ̀wò genotype, HIV àti oyún, wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń pín owó oúnjẹ, ọmọbìnrin náà kò sì ní mọ ohun tí àlùfáà ti mọ̀. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe egbòogi ọmọ ẹlòmíràn. Àlùfáà kò lè tú àṣírí náà fún un, àmọ́ ó lè kọ̀ láti so wọ́n pọ̀ títí ọkùnrin náà yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ṣe irú ìgbéyàwó yìí ní Kánádà tàbí London ń béèrè bóyá ọ̀ràn ni fún wọn. Òfin 2014 sọ pé ìwé ẹ̀rí láti òkè òkun kò ní agbára kankan ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ kankan níbí kò sì ní fi í gba ogún fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé kí ìyá má gbé fóònù ọmọ rẹ̀.

Ohun ìkẹyìn kéré, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù: ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé PCC, ìgbìmọ̀ tó ń darí ìjọ. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, akọ̀wé á kọ orúkọ àti “ẹ̀sùn” rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ti amúlétutù tó bàjẹ́. Ìwé yẹn ń kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, ẹnì kan á fi fóònù yà á, ó di àtẹ̀jíṣẹ́ kó tó di alẹ́. Ẹ kọ “ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ìjọ kan, Vicar ń bójú tó o”, kẹ́ ẹ sì kọjá sí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀.